Bí díìsì dáyámọ́ńdì kò bá gé mọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù

Níbi tí wọ́n bá ti ń to íńtálọ́ọ̀kì ní Ìlọrin, Tanke ni o, Gáà Àkànbí ni o, ẹ ó rí díìsì dáyámọ́ńdì tí wọ́n fi ń gé òkúta, tí eyín rẹ̀ ṣì ga dáadáa, tí wọ́n ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé ó ti kú. Ọ̀pọ̀ wọn kò kú. Ojú wọn ló dán.

A ń pè é ní eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gé bí ayùn. Lílọ̀ ló ń lọ òkúta. Wóró dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́ ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun irin láti fi ṣe eyín náà. Bí òkúta ṣe ń jẹ irin yẹn, wóró tó ti kú á jábọ́, tuntun á yọjú. Bí òkúta kò bá rí irin náà jẹ, wóró tuntun kò ní yọ, ojú eyín á dán, díìsì á kàn máa gbóná, á máa ta iná.

Nítorí náà, òkúta líle bíi gíráníìtì, tó pọ̀ nílẹ̀ Kwara, eyín tí irin rẹ̀ rọ̀ ló fẹ́. Íńtálọ́ọ̀kì tí kò tíì gan, búlọ́ọ̀kù oníyanrìn àti ọ̀dà títì ń ha irin gan-an. Eyín tí irin rẹ̀ le ni kí ẹ fún wọn. Ẹ ka ara díìsì kí ẹ tó sanwó, wọ́n máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ kò ní àlàfo kankan, ti táìsì ni.

Díìsì 230 mm kì í sábà gbà ju yíyí 6,600 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré tí wọ́n ń fi díìsì sí ń yí tó 11,000. Ẹni tó bá yọ ìbòrí ẹ̀rọ kékeré kí díìsì ńlá lè wọ̀ ọ́ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ihò àárín gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ mu. Ẹ má fi wáyà tàbí bébà dí i, torí díìsì á máa mì, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á sì tètè tán.

Ẹ dojú ọfà ara rẹ̀ kọ ibi tí ẹ̀rọ ń yí sí. Íńtálọ́ọ̀kì 60 mm, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má sì tẹ ọ̀nà rẹ̀ kọrọ. Láàárín, ẹ jẹ́ kó yí lófìfo kí afẹ́fẹ́ tù ú. Díìsì tí wọ́n bá kọ omi sí, ẹ má fi gé nǹkan gbígbẹ láé. Ẹ̀rọ oníná tí wọn kò ṣe fún omi, ẹ má da omi sí i, iná lè gbé yín. Ẹ wọ ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Aṣọ tí a fi so imú kò tó. Eruku yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn tó ń fà kò sì ní ìwòsàn.

Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti dán, ẹ fi fa ìlà mẹ́wàá tí kò jìn sára búlọ́ọ̀kù oníyanrìn. Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ bá ti yọ iná rẹ̀ tó sì ti tutù: bó bá ha, ó ti jí. Bó bá tún ń dán ní gbogbo ìgbà, irin rẹ̀ ti le jù fún òkúta yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí eyín rẹ̀ kan ti já, tó sán láàárín àlàfo, tàbí tí irin ìsàlẹ̀ eyín rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì kí ẹlòmíì má baà ṣà á lò.