Gáàsì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ benzene: ìpilẹ̀ṣẹ̀ kọfí tí kò ní kaféènì

Ní 1819, Goethe, òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Jámánì nnì, fi hóró kọfí díẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ kẹ́mísìrì lọ́wọ́, ó ní kó lọ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Friedlieb Ferdinand Runge ni ọmọ náà, òun ló sì kọ́kọ́ yọ kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn yọ ọ́ nínú ìgò kékeré kò jọ kó yọ ọ́ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò kọfí, kí kọfí náà sì tún ṣeé mu. Ludwig Roselius, oníṣòwò kọfí ní Bremen, ló sọ ìyẹn di iṣẹ́ ajé, tó dá iléeṣẹ́ Kaffee HAG sílẹ̀ ní 1906. Oru omi gbígbóná ló fi ń wú hóró tútù, ìyẹn èyí tí wọn kò tíì yan, lẹ́yìn náà ló wá fi benzene, kẹ́míkà olómi kan, fọ kaféènì kúrò. Benzene yìí kan náà la mọ̀ lónìí pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Trichloroethylene, kẹ́míkà olómi mìíràn tó rọ́pò rẹ̀, kò sàn jù ú lọ púpọ̀. Methylene chloride tó tẹ̀ lé e ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: òfin Amẹ́ríkà gbà á láyè bí èyí tó ṣẹ́kù nínú kọfí yíyan kò bá ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Ọgbọ́n tó wá ń bá àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí du iṣẹ́ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn oníkọfí wá rárá. Ní 1822, Charles Cagniard de la Tour ní ilẹ̀ Faransé dé ohun olómi kan mọ́ inú ọ̀pá ìbọn pẹ̀lú òkúta roboto kan, ó dí i pa, ó gbé e kaná, ó sì ń yí i síwá sẹ́yìn. Bí òkúta náà ti ń yí, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń ta. Nígbà tí ooru kọjá ìwọ̀n kan, ìró omi náà dákẹ́. Ohun olómi náà àti oru rẹ̀ ti di ọ̀kan nínú ọ̀pá. Thomas Andrews ní Belfast wá wọn ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ fún carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí síta, ní 1869: nǹkan bí 31°C. Ìfúnpá tó bá a rìn jẹ́ bar 73.8, ìyẹn bí ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ní 1879, Hannay àti Hogarth ní Glasgow rí i pé ohun tó bá wà ní ipò yìí lè yọ́ iyọ̀, àti pé bí a bá ti tú ìfúnpá sílẹ̀, iyọ̀ náà á jábọ́ bíi yìnyín.

Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí dúró lé lórí ti wà nínú ìròyìn Glasgow yẹn, síbẹ̀ kọfí kò jàǹfààní rẹ̀ títí di àwọn ọdún 1960. Kurt Zosel wà ní ilé ìwádìí èédú ti Max Planck ní Mülheim nígbà náà, lábẹ́ Karl Ziegler tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Kì í ṣe kọfí ló ń wá. Gáàsì ethylene ló ń bá yí, ló bá rí i pé gáàsì tí a fún mọ́ra ń gbé àwọn ohun olómi kan dání, ó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ bí ìfúnpá bá ti wálẹ̀. Ó gbé ọgbọ́n náà lọ sórí carbon dioxide, ó sì gba páténtì lé e lórí.

Ó lo hóró tútù tí wọ́n ti rẹ sómi, ó kó o sínú ìkòkò irin tó nípọn, ó sì ń yí carbon dioxide gba inú rẹ̀ kọjá ní bar 160 sí 220 àti 70 sí 90°C. Gáàsì náà á gbé kaféènì lọ sí ilé ìfọ̀, omi gbígbóná á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, gáàsì á sì padà sídìí hóró. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 10, kaféènì tó wà láàárín ìdá 0.7 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún á ti wálẹ̀ sí 0.02. Ó tún ní ọ̀nà mìíràn tí kò lo ilé ìfọ̀: a ó po èédú tí wọ́n ti ṣe kó máa fa nǹkan mọ́ra pọ̀ mọ́ hóró, kílò kan sí kílò mẹ́ta, a ó fún un ní bar 220 àti 90°C fún wákàtí márùn-ún, a ó sì fi asẹ́ tó ń gbọ̀n ya èédú sọ́tọ̀.

Omi inú hóró ni àṣírí iṣẹ́ náà, òun ló sì ń tan àwọn tó ń gbìyànjú rẹ̀ jẹ. Bí hóró bá gbẹ, ẹ fún gáàsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kaféènì kò ní jáde, nítorí ó so mọ́ chlorogenic acid inú kọfí; omi ló ń tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá sì yan hóró náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, gáàsì á kó òórùn dídùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú kaféènì. Ẹni tó bá ń fa epo láti inú ewé tàbí irúgbìn ní ìṣòro tirẹ̀: bí ó bá lọ̀ ọ́ kúnná jù, gáàsì á wá ojú ọ̀nà kan gbà, á fi ìyókù sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Bí ó bá tú ìfúnpá sílẹ̀ lójijì, òtútù á sọ gáàsì di yìnyín gbígbẹ, á sì dí fáàfù. Ẹ má sì ṣe é nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, nítorí carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbá jọ sí, ó sì ń pani.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀nà yìí ti di iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ní Bremen, àwọn tó ń fa èròjà kíkorò inú òdòdó hops fún ọtí bíà sì gbà á lẹ́yìn wọn. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà yìí ò tíì sí ẹni tó ń pè é ní ọ̀nà aláwọ̀ ewé, ìyẹn èyí tí kì í ba àyíká jẹ́. Ọdún 1998 ni Paul Anastas àti John Warner tó kọ ìlànà méjìlá ti kẹ́mísìrì aláwọ̀ ewé jáde. Lójú tiwa, owó irin tó nípọn àti iná tí pọ́ǹpù ń jẹ kò jẹ́ kó yẹ gbogbo èèyàn. Carbon dioxide kì í sì í fẹ́ gbé àwọn èròjà tó fẹ́ràn omi, àfi kí a fi ẹtánólì díẹ̀ kún un. Ẹtánólì àti omi fúnra wọn wà lára àwọn ohun tó mọ́ jù. Àwọn aláàgbo tó ń rẹ egbò sínú ògógóró kò jìnnà sí ọ̀nà náà.

Èyí tó tún dé lẹ́yìn ni àdàpọ̀ ohun líle méjì tó ń di olómi. Ní 2003, Andrew Abbott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leicester po choline chloride, irú iyọ̀ kan, mọ́ urea tí wọ́n ń lò bí ajílẹ̀, ọ̀kan sí méjì. Urea nìkan kì í yọ́ àfi ní 133°C. Àdàpọ̀ náà yọ́ ní 12°C. Ó ń fa àwọn èròjà aláwọ̀ inú ewéko dáadáa, ṣùgbọ́n ó ki, kì í sì í bá oru lọ, nítorí náà yíyọ èròjà náà kúrò nínú rẹ̀ ló ń le. Omi ni wọ́n fi ń là á, bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá kọjá ìdajì, ìdè tó so méjèèjì pọ̀ á já, yóò kàn ku omi iyọ̀ lásán.