Bí ìdárayá àrùn Parkinson ṣe gba ojú fóònù wọlé

Nígbà tí àrùn Parkinson mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ́ ló dà wọ́n láàmú jù. Ẹsẹ̀ ni. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ní Ìdí-Àbà wá di ìṣòro ńlá. Orí fóònù ni físíò ti ń bá wọn ṣe ìdárayá báyìí, mo sì wá orísun rẹ̀ lọ.

Ọdún 1817 ni James Parkinson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa èèyàn mẹ́fà tí ara wọn ń gbọ̀n. Jean-Martin Charcot ará Faransé ló wá fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà. Charcot yìí rí i pé ara máa ń fúyẹ́ fún àwọn aláìsàn tó bá wọ rélùwéè lọ sọ́nà jíjìn, ló bá ní kí wọ́n ṣe àga tó ń gbọ̀n fún wọn. Ní 1892, ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún àwọn dókítà.

Àmọ́ lójú tèmi, ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ ṣe pàtàkì ju àga lọ. Ní 1967, dókítà ọpọlọ kan, James Purdon Martin, fi hàn pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ á gbé e bó bá rí ìlà tí wọ́n fà sí ìdábùú níwájú rẹ̀. Nínú àrùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń yí, ló ń kú, tí àṣẹ ìrìn kò fi jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ìlà yẹn wá di àṣẹ tó gba ojú wọlé.

Etí náà ń gba àṣẹ. Ní 1996, Michael Thaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn aláìsàn ní kásẹ́ẹ̀tì orin tí ìlù rẹ̀ dún ketekete, kí wọ́n máa fi rìn nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrìn wọn yá sí i, ìṣísẹ̀ wọn sì gùn sí i. Ẹni tó bá ti rí arúgbó Ẹ̀gbá tó ju ọ̀pá sílẹ̀ nígbà tí onílù ń kì í kò ní jiyàn. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo kà sí baba físíò orí fóònù.

Àwọn ẹ̀rọ tẹ̀ lé e: Kinect dé ní 2010, kámẹ́rà tó ń rí bí oríkèé ara ṣe ń yí. Ní 2019, àwọn ará Netherlands gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Èèyàn 130 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá nílé fún oṣù mẹ́fà, àwọn yòókù ń na iṣan. Ìṣòro gbígbé ara àwọn tó wa kẹ̀kẹ́ kò le sí i tó ti àwọn yòókù. Nígbà tí kòrónà sé wa mọ́lé ní 2020, fídíò kọ́ọ̀lù gba iṣẹ́.

Kò yẹ kí ìtọ́jú inú ilé ya ará Abẹ́òkúta lẹ́nu. Ní 1954 ni dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Aro gbé láàárín abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la fa ìlà tiwa sí, ṣọ́ọ̀kì funfun. Mo gbé fóònù ka orí àpótí. "Màmá, ẹ gbé e sókè dáadáa. Ọ̀kan, èjì." Èmi á dúró tì wọ́n gbágbá, nítorí ohùn físíò kò lè gbá wọn mú bí wọ́n bá fẹ́ ṣubú.