Ìwé Ẹjọ́ Ọ̀daràn ní Káúńtì Amẹ́ríkà: Ibi Tó Wà àti Bí A Ṣe Ń Gbà Á

Kò sí ibì kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kó ìwé gbogbo ẹjọ́ ọ̀daràn jọ sí. Ọwọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ ni ìwé ẹjọ́ máa ń wà, ní káúńtì (ìpín ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀) tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Káúńtì orílẹ̀-èdè náà lé ní 3,000. Texas nìkan ní 254. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹni tó ń wá ìwé gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí kó tó jáde nílé: akọ̀wé wo ló ń tọ́jú rẹ̀, nọ́ńbà wo ni wọ́n fún ẹjọ́ náà, ìwé wo gan-an la fẹ́ nínú fáìlì. Bí ọ̀kan bá ṣì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó á lọ, ọjọ́ á lọ, ọwọ́ òfìfo la ó sì gbé bọ̀.

Texas ni àlàyé yìí yóò dúró sí jù, ní agbègbè Houston tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé àwọn nílò ìwé yìí títí ọ̀rọ̀ fi máa di kánjúkánjú. Ẹni tó ń béèrè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí fọ́ọ̀mù N-400 gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ìgbà tí wọ́n ti mú un, kódà bí adájọ́ bá ti tú ẹjọ́ náà ká tàbí tí wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣíwọlé, USCIS, yóò sì béèrè ìwé olóǹtẹ̀ tó fi bí ẹjọ́ ṣe parí hàn. Ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ńsì náà máa ń béèrè rẹ̀. Àwòrán ojú fóònù tàbí bébà tí a tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ló ń pinnu káúńtì. Ibi tí ẹni náà ń gbé kò kàn án, orúkọ ìlú tó wà nínú àdírẹ́sì náà kò tó tẹ̀ lé. Ìlú Houston fúnra rẹ̀ na ẹsẹ̀ wọ Harris, Fort Bend àti Montgomery. Fort Bend ni èyí tó pọ̀ jù nínú Missouri City wà, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ bọ́ sí Harris. Ẹni tí wọ́n mú ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ààlà lè máa wá fáìlì rẹ̀ kiri ní Richmond, olú ìlú Fort Bend, nígbà tó jẹ́ pé Houston ló wà. Ìwé béèlì, tàbí ìwé tí wọ́n fi pè é sí kóòtù nígbà náà, ló máa ń tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí, torí orúkọ káúńtì àti nọ́ńbà ilé ẹjọ́ máa ń wà lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jù ú nù.

Lẹ́yìn káúńtì, bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó ló kàn. Texas pín ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké sí Class A, B àti C. Class C kò ní ẹ̀wọ̀n nínú, owó ìtanràn rẹ̀ kì í sì í ju dọ́là 500 lọ. Ilé ẹjọ́ ìlú tàbí ti Justice of the Peace, adájọ́ kékeré ní káúńtì, ló ń gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó wà níbẹ̀, olè jíjà tí iye ẹrù rẹ̀ kò tó dọ́là 100 náà wà níbẹ̀. Class B lè gba ẹ̀wọ̀n 180 ọjọ́, Class A lè gba ọdún kan. Wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lójú ní ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ Class B. Felony, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ilé ẹjọ́ district ló ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ káúńtì Texas, County Clerk ló ń tọ́jú ìwé Class A àti B, District Clerk sì ni ti felony. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Fort Bend. Ní Harris, District Clerk ló kó méjèèjì mọ́ra. Ẹni tó mọ ti Harris lámọ̀dunjú lè dé káúńtì kejì, kó tò sí iwájú fèrèsé tí kì í ṣe tirẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ọ́fíìsì kejì ni fáìlì wà.

Ọlọ́pàá kọ́ ló ni ìwé ẹjọ́. Ìròyìn bí wọ́n ṣe mú ènìyàn ló wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé àhámọ́ wà lọ́dọ̀ Sheriff, ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì, agbẹjọ́rò ìjọba sì ní fáìlì tirẹ̀ tí kì í ṣí fún gbogbo ayé. Ẹni tó ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti mú un lè fi ìka ọwọ́ rẹ̀ béèrè àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́ FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀, dọ́là 18 ni. Ó wúlò láti fi rántí ọjọ́ àti ibi. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí ọjọ́ ìmúni wà níbẹ̀, kí àyè tó yẹ kí wọ́n kọ òpin ẹjọ́ sí sì ṣófo. Nítorí àyè tó ṣófo yẹn ni wọ́n fi ń rán ènìyàn padà sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́.

Nọ́ńbà ẹjọ́, tí wọ́n ń pè ní cause number ní Texas, ni kọ́kọ́rọ́ fáìlì. Lórí ìkànnì District Clerk ti Harris, a lè ṣí àkáǹtì lọ́fẹ̀ẹ́, kí a fi orúkọ tàbí nọ́ńbà wá ẹjọ́. Harris tún ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní SPN: ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sọ́wọ́ káúńtì náà ní tirẹ̀, òun kan náà ni wọ́n sì máa ń fi mọ̀ ọ́n nínú gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ti rí SPN nínú ẹjọ́ kan, ó rọrùn láti fi tọ ipa àwọn yòókù.

Orúkọ nìkan ni ọ̀nà tó máa ń ṣini lọ́nà jù, orúkọ Yorùbá ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ lóru ní àgọ́ ọlọ́pàá kò mọ èwo ni orúkọ bàbá nínú mẹ́ta tó wà lórí káàdì. Ṣọlá di Sola nínú ìwé kan, ó di Shola nínú òmíràn. Oluwaseun di Seun, tàbí kí wọ́n gé e sí méjì kó di Oluwa Seun, kí kọ̀ǹpútà wá ka Seun sí orúkọ àárín. Orúkọ alásopọ̀ bí Ade-Williams lè wà lábẹ́ A, lábẹ́ W, tàbí kó wà ní pípapọ̀ láìsí àmì láàárín. Obìnrin tó ti lọ́kọ lẹ́yìn ẹjọ́ ṣì wà lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú fáìlì. Nítorí náà, kí a má wá a lẹ́ẹ̀kan ká ní kò sí. Kí a fi orúkọ ìdílé nìkan wá a, kí a yí orúkọ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn sípò ara wọn, kí a dán gbogbo bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ wò. Ọjọ́ ìbí náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, tó kọ ọ́ ní 04/09 bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, ti di ẹni ọjọ́ 9 oṣù kẹrin lójú ará Amẹ́ríkà, torí oṣù ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ tiwọn. Bí orúkọ bá bá a mu tí ọjọ́ ìbí kò bá a mu, kí a yí ọjọ́ àti oṣù padà wò kí a tó pa ìwé náà tì.

California le jù báyìí lọ. Òfin ilé ẹjọ́ wọn kò jẹ́ kí ará ìlú ka ìwé inú fáìlì ẹjọ́ ọ̀daràn láti ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn gbọ́dọ̀ dé kóòtù. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn tún sọ nínú ẹjọ́ tó ti Riverside wá pé kò yẹ kí ará ìlú máa fi ọjọ́ ìbí ṣẹ́ orúkọ yọ nínú atọ́ka ilé ẹjọ́, ìyẹn àkójọ orúkọ tí a fi ń wá ẹjọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wọ́pọ̀ tí kò sì ní nọ́ńbà lè bá ogún ènìyàn pàdé lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, kó má mọ èwo ni òun.

Ìwé wo ni ká wá béèrè? Fáìlì kan lè ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì máa ń wúlò. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀sùn: complaint àti information fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, indictment fún felony. Èkejì ni ìwé bí ó ṣe parí: judgment bí wọ́n bá dá ẹni náà lẹ́bi, order of dismissal bí wọ́n bá tú u ká. Ẹ̀kẹta ni ìwé tó fi hàn pé ó ti parí ìjìyà tàbí àkókò ìṣọ́ (probation) rẹ̀. Lójú ewé judgment, ohun tó yẹ kí ojú wá ni nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹ̀, ohun tí olùjẹ́jọ́ sọ pé òun jẹ̀bi tàbí òun kò jẹ̀bi, ìjìyà, àti ìbuwọ́lù adájọ́. Docket sheet, tó kàn to ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kò lè dípò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ni lára jù ni deferred adjudication. Olùjẹ́jọ́ ní òun jẹ̀bi tàbí òun kò bá wọn jiyàn, adájọ́ fi í sábẹ́ ìṣọ́, ó parí rẹ̀, wọ́n tú ẹjọ́ ká. Lójú òfin Texas, kì í ṣe ìdálẹ́bi. Lójú òfin aṣíwọlé ti ìjọba àpapọ̀, ìdálẹ́bi ni. Ẹni tó bá mú ìwé ìtúká nìkan wá, tó fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀, yóò dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Kí ó gba méjèèjì, kí ó sì fi han lọ́yà aṣíwọlé kó tó fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́.

Nípa owó, òfin Texas fún District Clerk láyè láti gba dọ́là 1 lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan tó bá lu òǹtẹ̀, àti dọ́là 5 láti wá fáìlì fún ẹni tí kò mú nọ́ńbà wá. Ní California, 50 sẹ́ǹtì ni ojú ewé kan, dọ́là 40 ni òǹtẹ̀, àti dọ́là 15 bí wíwá fáìlì bá gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí a bá fẹ́ fi lẹ́tà béèrè, kí a kọ orúkọ ní pípé pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe ti kọ ọ́ rí, ọjọ́ ìbí tí a fi orúkọ oṣù kọ, nọ́ńbà ẹjọ́, nọ́ńbà ilé ẹjọ́, orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́, àti gbólóhùn kan tó sọ ní gbangba pé ẹ̀dà olóǹtẹ̀ la fẹ́. Bí a kò bá sọ ọ́, èyí tí kò ní òǹtẹ̀ ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Kí a fi money order àti àpò ìwé tó ní sítáǹbù pẹ̀lú àdírẹ́sì wa sínú rẹ̀. Kò sí ìdí láti tọ́ka sí Public Information Act ti Texas, òfin tí ará ìlú fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, nínú lẹ́tà náà, torí òfin yẹn kò kan ilé ẹjọ́.

Nígbà mìíràn, kò sí ẹjọ́ rárá. Wọ́n mú ènìyàn, agbẹjọ́rò ìjọba kò gba ẹ̀sùn náà, wọ́n fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà ẹjọ́ lè má sí, ìmúni náà sì wà lọ́dọ̀ FBI. Ohun tí a óò béèrè nígbà náà ni lẹ́tà akọ̀wé tó sọ pé òun wá àkọsílẹ̀ lábẹ́ orúkọ yìí, òun kò rí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n tú ká ti padà wọlé lábẹ́ nọ́ńbà mìíràn. Kí a ka ìdí tí wọ́n kọ sórí ìwé ìtúká. Bó bá sọ pé wọ́n tún un gbé wá, fáìlì kejì wà, òun náà sì ni a óò gbà.

Expunction ní Texas túmọ̀ sí pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ run tàbí kí wọ́n dá a padà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, akọ̀wé kò ní ohun kankan láti fún ẹnikẹ́ni mọ́, USCIS yóò sì ṣì béèrè. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kó tọ́jú wọn, kí lọ́yà tó gbé ìwé ìparẹ́ lọ síwájú adájọ́. Order of nondisclosure yàtọ̀: ó kàn pa fáìlì mọ́ fún ojú ará ìlú ni, ẹni tó ni ín ṣì lè mú káàdì ìdánimọ̀ lọ láti gbà á.

Nídìí fèrèsé, ká tó kúrò, ká ka iye ojú ewé, ká wo òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù akọ̀wé, ká rí i pé orúkọ àti nọ́ńbà bá ti àwa mu. Pín ni wọ́n fi ń so ojú ewé ẹ̀dà olóǹtẹ̀ pọ̀. Kí a má tú u láti lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí a bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ká kàn ṣí ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà lára pín, ká ya àwòrán rẹ̀, torí ẹni tó bá rí ihò pín méjì lè kọ̀ ọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ewé nínú rẹ̀.