Ṣé àgbáálá ayé kọsẹ̀ nígbà tó ń wú?

Bí mo bá ń ṣàlàyé ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkókà, ìbéèrè kan kì í wọ́n: "Sà, ta ló wà níbẹ̀?" Kò sẹ́nìkankan. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ó gbéra nígbà tí ayé ṣì wà ní nǹkan bí 380,000 ọdún, Penzias àti Wilson sì ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1965. Ní 1992, sátẹ́láìtì COBE fi hàn pé ooru rẹ̀ kò dọ́gba níbi gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100,000. Inú ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ni gbogbo ìràwọ̀ ti jáde.

Àlàyé tí èmi gbà ni ti inflation, tí Starobinsky àti Guth gbé kalẹ̀ ní 1980 àti 1981: kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, àgbáálá ayé wú lójijì, ó sì na àwọn ìgbọ̀nrìrì tín-tìn-tín inú rẹ̀ di ńlá; àwọn ló di ìyàtọ̀ ooru yẹn. Bí a bá ya ìlà tó ń sọ bí wọ́n ṣe lágbára tó, láti orí èyí tó fẹ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kó kàn dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Sátẹ́láìtì Planck wọn bí ìlà náà ṣe dà tó, ó rí 0.965; bí ìlà náà bá tẹ́jú pátápátá, 1 ni ì bá jẹ́. Inú mi ṣì ń dùn sí nọ́ńbà yìí.

Bí ìwú náà bá wá kọsẹ̀ ńkọ́? Danfo tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Third Mainland sí Adéníjí, tó já sínú gálọ́ọ̀pù, á fò sókè sódò kó tó balẹ̀. Ìlà wa náà á rì níbì kan, á gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, lẹ́yìn náà á padà tẹ́jú. Ibi tó ti rì á sọ ìgbà tí ìkọsẹ̀ wáyé. Bí ìgbọ̀n náà bá ṣe jìnnà tó á sọ bó ṣe já lójijì tó.

Ìrì kan sì wà lóòótọ́. Sátẹ́láìtì WMAP rí i, Planck náà rí i, lára àwọn àmì tó fẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 6 sí 9 lójú ọ̀run (òṣùpá kò ju ìdajì dígírì lọ). Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ti fi ìṣirò ìkọsẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Èmi ò tíì gbà. Àmì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè pọ̀ lójú ọ̀run, ojú ọ̀run kan ṣoṣo la sì ní. Sátẹ́láìtì tó dára ju Planck lọ kò lè sọ ọ́ di méjì. Ẹni tó bá sì wá ìgbọ̀n káàkiri kò ní ṣàì rí èyí tó jọ òótọ́. Àwọn oníṣẹ́ Planck fúnra wọn wá a títí dé 2018, wọn ò rí èyí tó lágbára tó.

Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n sí ni mò ń dúró dè. Sátẹ́láìtì LiteBIRD, tí àwọn ará Japan ń ṣíwájú rẹ̀, fẹ́ wọ̀n ọ́n yí gbogbo ojú ọ̀run ká. Bí ìrì bá yọ níbẹ̀ pẹ̀lú, ní ibi tí ìṣirò ní kó wà, èmi náà á gbà pé ìwú ayé kọsẹ̀.