Ewé ọsàn tó ń pọ́n ní ilẹ̀ aṣálẹ̀: irin kọ́ ló tán nínú ilẹ̀

Bí ewé ọsàn bá ti ń pọ́n ní ilẹ̀ aṣálẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé irin ti tán nínú ilẹ̀. Ẹnì kan á kó ìṣó tó ti dípẹtà, á rì í mọ́ ìdí igi. Ẹlòmíì á ra irin sọ́fétì, ìyẹn iyọ̀ irin tó ń yọ́ nínú omi, á bù ú dà sórí yanrìn. Bí ewé kò bá yí padà, wọ́n á tún da ajílẹ̀ lé e, torí wọ́n gbà pé òfìfo ni ilẹ̀ yanrìn, àfi kí èèyàn máa kún un. Ó ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń fi ìtọ́jú yìí pa.

Irin kì í tán nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú 100 kílò erùpẹ̀, irin tó wà níbẹ̀ sábà máa ń tó kílò 1 sí 5. Ìwọ̀nba gíráàmù ni igi ọsàn kan ń lò lọ́dún. Ṣùgbọ́n irin ilẹ̀ aṣálẹ̀ dà bí ọkà inú àká tí wọ́n tì pa, ẹfun ló sì tì í. Ní Arizona, ní gúúsù California ní Amẹ́ríkà, àti ní àwọn ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ọsàn ní Íjíbítì, ẹfun pọ̀ nínú erùpẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, sì sábà máa ń wà láàárín 7.5 sí 8.5. Àárín ni 7. Ilẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kan, èyí tó bá kọjá rẹ̀ jẹ́ alikálì, òdìkejì kíkan. Ọsàn fẹ́ràn nǹkan bíi 6 sí 7. Ní gbogbo ìgbà tí pH bá fi 1 gòkè, irin tó lè yọ́ sínú omi ilẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú 1,000. Ẹ wo bí ìyẹn ti pọ̀ tó.

Ìdí nìyẹn tí ìṣó kò fi lè ṣe nǹkan kan. Ìpẹtà ara rẹ̀ gan-an ni irú irin tí gbòǹgbò kò lè mu, ó sì ti kún inú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Irin sọ́fétì tí wọ́n bù sórí ilẹ̀ ẹfun, òun náà á di ìpẹtà kí ó tó pẹ́.

Kí ẹ tó dárúkọ irin rárá, ẹ wo ewé tó ń pọ́n dáadáa. Igi kò lè kó irin kúrò nínú ewé àtijọ́ wá fún tuntun, torí náà ara ewé ọ̀dọ́ tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni àìtó irin ti máa ń hàn: ewé á di ìyeyè, ṣùgbọ́n àwọn iṣan rẹ̀ tóóró á dúró ní àwọ̀ ewé, bí àwọ̀n. Náítrójìn, oúnjẹ igi mìíràn, máa ń rìn ní tirẹ̀. Bí kò bá tó, igi á fà á kúrò lára ewé àgbà fún ewé ọmọ, ewé ìsàlẹ̀ ni yóò wá pọ́n, tiṣantiṣan. Bí ewé tuntun bá kéré, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí àmì ìyeyè wà láàárín àwọn iṣan rẹ̀, síńkì ni kí ẹ fura sí. Bí ṣóńṣó ewé bá sì jó, tó di àwọ̀ ilẹ̀, iyọ̀ ni, ajílẹ̀ tí ẹ sì ń dà lé e lè wà lára ohun tó fà á. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ajílẹ̀, ọsàn kò sì fara da iyọ̀.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ dájú bóyá irin ni. Ẹ po irin sọ́fétì díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, kí ẹ fi ra ewé ẹ̀ka kan ṣoṣo lára. Bí ewé náà bá ń padà sí àwọ̀ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, irin ni. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di ìtọ́jú, nítorí irin tó wọ inú ewé yẹn kò ní dé ara ewé tó máa yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Omi sì ni mo rí i pé àwọn èèyàn kì í bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹfun bá ń rin fún omi nígbà gbogbo, èémí gbòǹgbò kò ní ráyè jáde, yóò dara pọ̀ mọ́ omi àti ẹfun, yóò sì di baikabónéètì tí kì í jẹ́ kí gbòǹgbò mu irin. Òtútù ilẹ̀ ní ìparí ìgbà òtútù náà ń mú kí ewé pọ́n bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá móoru. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi wọlẹ̀ jinlẹ̀, tó sẹ̀ntímítà 60 sí 90, kí ẹ sì jẹ́ kí òkè ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Bíbu omi wín-ín-wín-ín lójoojúmọ́ ń kó iyọ̀ jọ sí ibi tí gbòǹgbò wà. Bí mo bá fẹ́ tún nǹkan kan ṣe ṣáájú, omi ni.

Bí ó bá jẹ́ irin lóòótọ́, ẹ ka lẹ́tà ara àpò irin tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó sanwó. Irin kan wà tí wọ́n fi kẹ́míkà mìíràn dì mú kí ẹfun má bàa gbà á. Kílétì ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ tó jẹ́ EDTA máa ń tú irin sílẹ̀ bí pH bá ti kọjá nǹkan bíi 6.5. DTPA lè dé nǹkan bíi 7.5. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, EDDHA nìkan ló ń di irin mú tí pH bá dé 9 pàápàá. Ó wọ́n jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n èyí tí owó rẹ̀ kéré tí kò ṣiṣẹ́ ni owó ṣòfò lé lórí. Pupa ni omi rẹ̀. Ẹ pò ó, ẹ dà á sínú ilẹ̀, kí ẹ sì bò ó, torí oòrùn ń bà á jẹ́. Kí igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tuntun ni kí ẹ lò ó.

Àwọn kan á ní ká da imí ọjọ́ sí i kí pH ilẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, sẹ̀ntímítà 30 ní jíjìn: erùpẹ̀ ibẹ̀ á tó nǹkan bíi kílò 450. Bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá jẹ́ ẹfun, ó ju kílò 22 lọ, imí ọjọ́ tó lè jẹ ẹ́ tán sì tó kílò 7 fún mítà kan yẹn péré. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é fún oko. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀ yí igi ká, kí ẹ po imí ọjọ́ mọ́ irin sọ́fétì síbẹ̀, kí gbòǹgbò lè rí ojú ibi tó kan díẹ̀ mu nǹkan. Ẹ da fínígà sórí erùpẹ̀ gbígbẹ yín: bí ó bá hó, ẹfun wà níbẹ̀.

Náítrójìn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Òun ni ilẹ̀ aṣálẹ̀ ṣaláìní ní tòótọ́, torí ewé jíjẹrà kò tó nínú rẹ̀, yanrìn kò sì dì í mú. Omi ń gbé e kọjá gbòǹgbò. Ẹ pín ti ọdún kan sí ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Ní Arizona, Oṣù Kejì, Oṣù Karùn-ún àti ìparí Oṣù Kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ má dà á mọ́ ìdí igi, gbòǹgbò tó ń jẹun kò sí níbẹ̀. Ẹ fọ́n ọn káàkiri abẹ́ òjìji ẹ̀ka títí dé etí rẹ̀ àti díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín lọ́gán. Yúríà tó bá sùn sórí ilẹ̀ alikálì á fò lọ sínú afẹ́fẹ́ bíi gáàsì. Àpò ajílẹ̀ tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ara rẹ̀ (ti náítrójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ́táṣíọ̀mù) dọ́gba kò tọ́ sí irú ilẹ̀ yìí: ẹfun á gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀, èyí tó bá sì pọ̀ jù á tún ṣèdíwọ́ fún síńkì.

Ewé àgbà tó ti pọ́n lè má padà sí bó ṣe rí, ẹ má fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn ìtọ́jú ni kí ẹ máa wò, bí ó bá sì jáde ní àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, ẹ má fi irin kankan kún un mọ́.