Ìfọmọsáàárín ni triangulation, kì í ṣe onígun mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú "ìṣe onígun mẹ́ta", tí àwọn kan fi ń túmọ̀ triangulation, ìyẹn kí òbí tó ń jà fa ọmọ wọn wọ inú ìjà náà. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i nínú àlàyé nípa ẹbí. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fà á yọ: Murray Bowen àti Salvador Minuchin, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ẹbí ní Amẹ́ríkà, ló sọ triangulation di ìlúmọ̀ọ́ká, ara onígun mẹ́ta inú ìṣirò ni wọ́n sì ti mú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, igun kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀, kò sí èyí tó fi èkejì síbẹ̀. Nínú ilé tí bàbá àti ìyá ti ń jà, ọmọ ò ní igun kankan. Wọ́n fi í sáàárín ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìfọmọsáàárín. "Fi" tó wà nínú rẹ̀ jẹ mí lógún, torí ó ń fi hàn pé ẹnì kan ló ṣe é. Àwọn kan ní "gbígbè sẹ́yìn òbí kan" dára jù. Mi ò gbà. Ìyẹn di ẹ̀bi ru ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé àgbàlagbà ló bi í pé, "Èmi àti bàbá ẹ, ta ló jẹ̀bi?" Minuchin fúnra rẹ̀, nígbà ayé rẹ̀, tó bá ń tọ́jú ẹbí, a máa ní kí ọmọ dìde kúrò lórí àga àárín òbí rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè kọjú síra wọn.

Ẹ wo aṣọ tútù tí ẹni méjì jọ ń fún, tí ọ̀kan ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún, tí èkejì ń lọ́ ọ sósì. Ara wọn ni wọ́n ń bá tagbára, inú aṣọ lomi ti ń jáde. Mímọ irú ẹni tí òun jẹ́ ló ń dà nù lára ọmọ. Bí ìyá bá ní bàbá ò wúlò, ọmọ tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀ á gbọ́ ọ pé òun náà ò wúlò. Bó bá gbè sẹ́yìn ọ̀kan, ó ti da èkejì. Ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú òbí kó tó mọ ohun tí òun fẹ́. Bó bá dàgbà, tí wọ́n bi í pé, "Kí lo fẹ́?", ojú ẹni tó bi í ló kọ́kọ́ máa ń wò.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọmọ rí i pé wọ́n parí kì í pa á lára tó èyí tí kò tán nílẹ̀. Èyí tó dá lórí ọmọ náà gan-an ló burú, torí kíá ló máa gbà pé òun lòun fà á. Ti pé tọkọtaya ṣì jọ ń gbé tàbí wọ́n ti kọra wọn, mi ò kà á sí. Àwọn tó ti kọra wọn, tí wọ́n ṣì ń pe ara wọn lórí fóònù nítorí owó ilé-ìwé, ò fọmọ sáàárín. Àwọn tó jọ ń sun ibùsùn kan, tí wọ́n ń rán ọmọ pé "Lọ sọ fún ìyá ẹ", ti ṣe é.