Áàtì: ọ̀nà tí iná ọkọ̀ ń gbà padà sí bátìrì

Ẹni tó bá ní MGB, ọkọ̀ eléré àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á ti rí irú èyí rí. Iná ẹ̀yìn ń tàn dáadáa. Ẹ tẹ bíréèkì, ti apá òsì ṣú. Ẹ fi tráfíkétọ̀ sí i, àwọn iná mìíràn lápá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣẹ́jú. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù, kò yí padà. Ẹ pààrọ̀ fíúsì, pàbó. Bó bá ti rí báyìí, áàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Iná kì í lọ síbì kan kó jókòó síbẹ̀. Inú bátìrì ló ti ń jáde, bátìrì náà ló sì gbọ́dọ̀ padà sí. Àlọ rẹ̀ ni wáyà tó gba inú fíúsì àti súìṣì kọjá dé ìdí gílóòbù. Àbọ̀ rẹ̀ ni áàtì. Kí wọ́n má baà máa na wáyà méjì méjì dé ìdí gbogbo iná, irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà àbọ̀: wọ́n so etí kan bátìrì mọ́ irin, wọ́n sì so gílóòbù kọ̀ọ̀kan mọ́ irin yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà pẹ̀lú wáyà dúdú. Òun ni àwọn rẹ́wáyà wa tún ń pè ní bọ́dì.

Ẹ má ṣe rò pé áàtì àti nẹ́gétíìfù jẹ́ ohun kan náà. Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe MGB, láti 1962 títí di 1980, iye rẹ̀ sì lé ní 500,000. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, títí di 1967, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi rédíò òde òní sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo etí bátìrì tó lọ bá irin, kó má lọ sun rédíò olówó iyebíye.

Kí ló ń ba áàtì jẹ́? Ojú ìsopọ̀ ni. Òjò ń rọ̀ sí i, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù ń jẹ ẹ́, ẹlòmíràn sì ti kun ọkọ̀ tó jẹ́ kí ọ̀dà wọ abẹ́ bóòtù tó de áàtì. Èyí tó ń fa wàhálà jù ni àwọn ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe orí wáyà wọn bí ọta ìbọn, tí wọ́n tì bọ inú ihò irin tí rọ́bà bò. Àwọn kan wà níwájú, nítòsí rádíétọ̀, níbi tí omi ti ń ta sí wọn. Ẹ bá fà á jáde, ẹ ó rí i pé ó ti dógùn-ún.

Ìdógùn-ún díẹ̀ tó láti pa iná lára. Gílóòbù iwájú oníwáàtì 60 ń fẹ́ áńpíà 5 (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) lórí fóòtì 12 (agbára tó ń ti iná náà). Bí ojú áàtì rẹ̀ bá fi ìdajì óòmù (ohun tí a fi ń wọn ìdènà iná) péré dí i lọ́nà, nǹkan bíi fóòtì 2 á ṣòfò síbẹ̀. Fóòtì 10 tó kù kì í fún un ní ìmọ́lẹ̀ mẹ́wàá nínú méjìlá o. Ó lè má ju nǹkan bí ìdajì lọ, nítorí irin inú gílóòbù máa ń tètè ṣú bí fóòtì bá dín. Èyí tó ṣòfò ń di ooru lójú ìsopọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà ibẹ̀ fi ń gan.

Ti bíréèkì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Nínú àtùpà ẹ̀yìn, irin inú gílóòbù oníwáàtì 5 ti iná alẹ́ àti oníwáàtì 21 ti bíréèkì jọ ń lo áàtì kan ni. Bí áàtì náà bá já, iná bíréèkì tó ti débẹ̀ kò rónà lọ. Ó wá gba inú irin kejì kọjá, ó bá wáyà pupa ti iná alẹ́ padà sẹ́yìn, ó lọ wá áàtì gílóòbù mìíràn tó ṣì dára. Ẹ pa súìṣì iná alẹ́, kí ẹ tẹ bíréèkì: bí àwọn iná kéékèèké tí ẹ kò tàn bá ń tàn fírífírí, ẹ ti mú olè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni mítà tí a fi ń yẹ wáyà wò. Wọ́n á yí i sí óòmù, á ní kò síyọnu. Ṣùgbọ́n wáyà tó kù fọ́nrán kan ṣoṣo lè yege lọ́wọ́ mítà, torí iná tí mítà ń rán wọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kó gbé áńpíà 5 ni kò lè ṣe. Fóòtì ni kí ẹ yí i sí, kí ẹ sì tan iná tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí etí bátìrì tó lọ bá ara ọkọ̀ (ẹ ó nílò wáyà gígùn, ẹ̀yìn ìjókòó ni bátìrì MGB wà), kí ẹ fi ìkejì kan irin áàtì níbi gílóòbù. Kò yẹ kó ju fóòtì 0.2 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ lé wáyà náà padà ní ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí nọ́ńbà ti já wálẹ̀ lójijì, ìsopọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni kí ẹ tú. Ẹ yọ orí bátìrì kúrò, ẹ fi sáńpépà ha irin náà títí yóò fi dán, ẹ dè é le, kí ẹ fi gíríìsì bò ó kí omi má ráyè.

Ẹ má gbàgbé áàtì ẹ́ńjìnnì. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, wáyà nípọn kan ló so ó mọ́ ara ọkọ̀. Bí ìyẹn bá já, iná ńlá tí sítátà ń fà á gba inú okùn ṣóòkù (èyí tí a ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè tètè sítáàtì) tàbí okùn tọ́rọ́tù (ti pẹ́dà tí a fi ń sáré) padà. Bí ẹ bá ń sítáàtì tí okùn ṣóòkù ń gbóná, tàbí tó ń rú èéfín, ẹ fi sítátà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo wáyà yẹn.